Saïbou, Filipẹ̀ àti Òfin Ogun Hítílà

Títí dòní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Saïbou ní àdúgbò Dowa, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá yín lóhùn, orí ọ̀rọ̀ filipẹ̀ ni wọn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Filipẹ̀ ni tábìlì ayò àwọn Faransé: bọ́ọ̀lù irin ń sáré lábẹ́ gíláàsì, iná ń tàn, agogo ń dún. Ìyádùnní ọlọ́tí ra àlòkù kan tó ti bàjẹ́ sílé ọtí rẹ̀, torí àwọn oníbàárà ti ń sá lọ bá ọlọ́tí òdìkejì. Bí filipẹ̀ náà kò bá ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ òmìnira lọ́wọ́ Faransé tó dé, àfi kí ó palẹ̀ ẹrù mọ́ padà sí Abẹ́òkúta.

Saïbou tó ń tún rédíò ṣe ló gbé e fún. Nígbà tí obìnrin náà padà wá gbà á, bọ́ọ̀lù ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò síná, kò sí agogo.

"Bàbá, iná ńkọ́? Agogo ńkọ́?"

"Mo yọ wọ́n. Òfin ogun Hítílà ni. Bílẹ̀ bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tanná síta, kò sì gbọdọ̀ lu agogo."

"Yéè! Ogun tó parí kí n tó lọ́kọ!"

"Ta ló kéde pé ó parí? Agogo ni wọ́n lu káàkiri Dowa tí wọ́n fi gbé òfin yẹn kalẹ̀. Etí mi yìí ló gbọ́. N ò tíì gbọ́ agogo tí wọ́n fi ká a kúrò."

Kò purọ́. Fìtílà ilé tirẹ̀ gan-an, abẹ́ agbọ̀n ló ń gbé.

Ìyádùnní wọ́ ọ lọ sí bírò ìjọba kan. Ọ̀gá ibẹ̀ họrí títí. "Òfin wo? Ogun wo nínú ogun? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti padà sí Faransé. Ẹ ṣì ní sùúrù ná." Orí Ìyádùnní dàrú pátápátá. Saïbou ń yan bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Lálẹ́, inú òkùnkùn ni wọ́n ń ta ayò. Bí Sàlámọ̀ awakọ̀ bá gbá a dáadáa, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń dún, "gán-án, gán-án", jẹ́jẹ́, torí Saïbou dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ wọn. Àwọn oníbàárà bá tún ń yọ́ lọ sódìkejì.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjọ́ òmìnira pé, inú bí Ìyádùnní. Ó yá agogo, ó kọrí sígboro.

"Kéré o! Ogun Hítílà ti parí o! Òfin rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀!"

Àwọn ìyá arúgbó sáré jáde. "Ogun mìíràn ló tún dé ni?" Ọkùnrin kan ti ń di ẹrù.

Saïbou jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti parí?"

"Ó ti parí, Bàbá."

Ó dìde, ó tẹ̀ lé e lọ sílé ọtí, ó so okùn iná àti agogo padà. Filipẹ̀ tàn yòò, agogo dún, ariwo sọ. Saïbou nìkan ló ń sunkún.

"Akambi àbúrò mi ni wọ́n mú lọ sógun yẹn," ó ní. "Wọ́n ní bógun bá parí, yóò wálé. Bí ó bá ti parí, a jẹ́ pé Akambi ti kú nìyẹn."

Ìyádùnní jókòó tì í. Àánú bàbá náà ṣe é dé ọkàn.

Lọ́jọ́ òmìnira, ọjọ́ tí gbogbo ọlọ́tí ń pawó, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyádùnní. Ẹ̀yìnkùlé Saïbou ló wà, ó ń din àkàrà àdúà Akambi. Sàlámọ̀ dé, àwọn oníbàárà yòókù náà dé, tìhín tòdìkejì. Wọ́n jókòó sórí ẹní yí Saïbou ká, wọ́n ń ṣe àmín sí àdúà náà.