Aago Opó Aránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú aláago tó ń tún aago ṣe ládùúgbò wa, kó bú ìjọba níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí bọ́ǹbù ti bú ní ibùdókọ̀, òun ló ń gbé àga àti omi tútù fún àwọn ṣọ́jà, tó sì ń sọ fún wọn bó bá rí àjèjì. Bí wọ́n bá ń tú àpò àwọn èèyàn wò lójú ọ̀nà, á ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ìjọba mọ ohun tó ń ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti fi yín ṣe mínísítà, Bàbá wa, ẹ ò sọ fún mi."

Aláago kì í fi aago méjì sí àkókò kan náà. Ó fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dún, kó lè gbọ́ ibi tó ti ń ṣàìsàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá ṣọ́jà tuntun kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wo àwọn aago ara ògiri.

"Bàbá, kí ló dé tí wákàtí wọn ò bára mu? Èwo ló máa kọ́kọ́ bú?"

"Wọn kì í bú, ọ̀gá. Wọ́n ń dún ni."

Ìdáhùn yẹn ò ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n da aago mọ́kànlá sínú àpò.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní bárékè. Aago kan ṣoṣo ló ń rò: ti opó aránṣọ. Ibùdókọ̀ yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú sí, aago náà ló sì fi sílẹ̀ fún un. Aláago ti ṣèlérí pé yóò dún kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì náà ni ọ̀gá ṣọ́jà dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù tòun ti aago. "A ṣàṣìṣe, Bàbá. Ẹ má bínú. A ti bá yín tò wọ́n sí wákàtí kan náà."

Nígbà tó di ọ̀sán, mẹ́wàá pariwo pọ̀ bí ọmọ iléèwé tó rí ọ̀nà ilé. Ti opó ò dún. Ọ̀bẹ ni àwọn ṣọ́jà fi ṣí i. Sípíríǹgì rẹ̀ ti já.

Opó tó wá gbà á yí i wò lọ́wọ́. "Bọ́ǹbù ò rí èyí pa. Àwọn tó ń gbà wá là ló rí i pa."

Aláago gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́jà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, tí ẹ bá rí àjèjì, ẹ máa sọ fún wa bíi ti tẹ́lẹ̀ o."

"Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọ̀gá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

Ọ̀gá lọ. Aláago tẹ orí ba aago opó, ó fi ẹ̀mú mú sípíríǹgì tuntun kan tó tín-ín-rín ju irun lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.