Màmá Aláago àti Áńtẹ́nà Mẹ́rìndínlógún

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi tún aago ṣe, kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa ń wá ẹni tó lè fi ẹ̀mú mú ohun tó kéré ju ojú èèrà lọ, òun la gbà. La bá ń pè é ní Màmá Aláago.

Áńtẹ́nà là ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń yọrí lórí òrùlé. Mẹ́rìndínlógún là ń tò ní ìlà mẹ́rin sórí pátákó tí kò tó èékánná. Ìgbì rédíò tí wọ́n ń rán jáde lè gbé odindi fíìmù kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Kó tó dé ògiri kejì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí áńtẹ́nà fi gbọ́dọ̀ pọ̀, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, á da ti àwọn yòókù rú.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìgbì ò kọjá àárín yàrá. Ọ̀gá wa, ọmọbìnrin tí Màmá lè bí lọ́mọ, káwọ́ lérí.

"Ìṣirò mi ni ò dáa. Ẹ jẹ́ ká da á nù."

Màmá gbé ojú kúrò lára awò tó ń sọ kékeré di ńlá. "Ọmọ mi, ìṣirò rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ni."

Ló bá jẹ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n fún oṣù mélòó kan, ó sì ń fi í pa mọ́ fún wa. Ìlà kẹta ti wọ́. Kò tó ìbú irun orí, ṣùgbọ́n ó wọ́.

"Mo rò pé ẹ máa ní kí n máa lọ sílé ni."

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó tì í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ mú ẹ̀mú yín, mà. Mo dì yín mú."

Wákàtí méjì ni wọ́n fi tú ìlà náà, tí wọ́n sì tún un tò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá sọ: "Má mí sí mi létí, ẹ̀rín á pa mí."

Nígbà tí a dán an wò, odindi fíìmù dé ògiri kejì, kò já lọ́nà. Ọ̀gá bú sẹ́kún. Màmá fi etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nù ún lójú.

Ó délé, ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Baba bi í pé, "Ṣé tẹlifíṣàn tiwa náà ò wá ní máa ṣe ràì-ràì mọ́?" Màmá rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná.

Èmi ló ń kọ́ níṣẹ́ báyìí. Ojú rẹ̀ ṣì mú ju tèmi lọ. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tú ìlà kan, kí n tún un tò. Mo sì tún un tò.