Bàtà Bàbá Mi àti Àwọn Òkú Tó Ń Rìn

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Nima, nílùú Accra ní Gánà, òórùn kósé ló máa ń jí mi lójoojúmọ́. Obìnrin Hausa kan ló ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé wa, àkàrà tí inú rẹ̀ rọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta sánsán, a sì máa ń fi mu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná tiwa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan kókó nílé wa láìtíì gbálẹ̀, láìtíì pọnmi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣe àbójútó iṣẹ́ àárọ̀. Bí ilẹ̀ tí mo gbá kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, màá tún un gbá. Bí mo bá kùn, màá kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá, màá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn ọmọ ẹ̀yà Gà tó ń gbé lẹ́bàá balùwẹ̀ yóò sì máa yọjú fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Nima, ẹ ó rántí ilé fídíò. Tiwa jẹ́ ti Bra Kofi, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Pákó àti páànù ló fi kọ́ ọ, ó ta aṣọ dúdú sẹ́nu ọ̀nà, ó to bẹ́ǹṣì síwájú tẹlifíṣọ̀n kan. Lóde, ó máa ń gbé àwòrán fíìmù kọ́, èyí tí ayàwòrán fi ọ̀dà yà sára àpò fúláwà tí wọ́n rán pọ̀. Mo dúró pẹ́ níwájú ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Òkú kan ló ń jáde láti inú ilẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti já bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, erùpẹ̀ ń dà sílẹ̀ lórí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. N kò tíì rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Múfú, ló kọ́kọ́ mú mi wọlé, ní ọ̀sán Sátidé kan tí a ti ilé kéwú dé. Inú ibẹ̀ gbóná bí ààrò. Ó ń rùn fún òógùn àti ẹ̀pà sísun. Nígbà tí ọwọ́ àkọ́kọ́ yọ láti inú sàréè, igbe ta. Ẹnì kan ní "Awurade!" ní Twi. Ẹnì kan ní "Wayyo!" ní Hausa. Èmi ní "Yéè!" Ọmọbìnrin ẹ̀yà Dàgómbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rún apá mi mọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé láti mí, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n jáde nígbà yẹn, màá bá a jà.

Láti ọjọ́ náà ni a kò ti ṣe eré mìíràn mọ́ nínú àgbàlá. Ẹnì kan yóò jẹ́ òkú, yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kàn ti di òkú nìyẹn. Múfú ní ojú wa gbọ́dọ̀ funfun, ni a bá bu fúláwà tí Ìyá Àgbà fẹ́ fi dín bọ́fúròtù, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tiwa, fún ọdún Iléyá, a fi kun ojú. Nígbà tó jáde, tó rí wa tí a ń bọ̀ wá bá a tàwa ti ìkérora, kò sá. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. Gbogbo òkú ló jí lọ́jọ́ náà.

Nínú ọdún yẹn kan náà ni bàbá mi kú. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ló ń tà ní Cow Lane, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ibà ló ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, a kò sì rí i mọ́. Wọ́n kó àwa ọmọdé lọ sí ilé aládùúgbò, wọ́n fún wa ní ìrẹsì, nígbà tí a ó sì fi padà dé, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Ìyá mi wọlé opó. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi bí ènìyàn ṣe lè wà láàárọ̀ kó má sì sí ní ìrọ̀lẹ́.

Èmi náà ronú sí i. Mo ti fi ojú ara mi rí i ní ilé Bra Kofi pé àwọn òkú máa ń dìde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, dípò kí n lọ sí ilé kéwú, mo mú bàtà aláwọ bàbá mi lábẹ́ ibùsùn, mo gbá a mọ́ àyà, mo rìn lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Mo wá sàréè tí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, mo jókòó tì í.

Múfú ló rí mi tí mo gba ọ̀nà yẹn, òun ló sọ fún Ìyá Àgbà. Mo rí i tó ń bọ̀ láàárín àwọn sàréè, gèlè rẹ̀ ti tú, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti gbé ọwọ́ sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Sọ ọwọ́ rẹ sílẹ̀," ó ní. "Kí lo wá ṣe níbí, Sìdí?"

"Mo ń dúró de Bàbá ni, mà."

"Bàtà rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Kí wọ́n lè rí nǹkan wọ̀ bọ̀ wálé ni. Gbogbo àwọn tí mo rí nínú fíìmù, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé fíìmù náà fún òun, mo sì ṣàlàyé. Ó fetí sílẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ṣé wọ́n máa ń dá ọmọ wọn mọ̀?"

"Rárá, mà."

"Ṣé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n máa ń kérora ni. Wọ́n sì máa ń géni jẹ."

"Ṣé bàbá rẹ gé ọ jẹ rí?"

Mo mi orí.

"Tó bá ti Cow Lane dé, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá o ti jẹun. Ẹni tó ń béèrè yẹn ni mo bí. Bí nǹkan tí kò lè béèrè bá jáde níbí, kì í ṣe òun. Jẹ́ kí ọmọ mi sinmi."

Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan, ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí. Nígbà tó ṣe tán, ó fi etí gèlè nu ojú rẹ̀, ó nu tèmi, ó ra wáákyé ẹlẹ́yin, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, fún mi lójú ọ̀nà. A jọ jẹ ẹ́ nínú ewé kan náà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Àfi bí Sátidé ṣe dé tí aṣọ dúdú ẹnu ọ̀nà Bra Kofi ṣí, tí Ìyá Àgbà wọlé. Gbogbo wa dìde. Bra Kofi sáré pa tẹlifíṣọ̀n, ó ń bẹ̀bẹ̀ ní Twi àti Hausa pọ̀.

"Tàn án," Ìyá Àgbà ní. "Mo fẹ́ rí ohun tó gbé ọmọ mi dé itẹ́ òkú."

Ó jókòó níwájú pátápátá. Nínú fíìmù ọjọ́ náà, àwọn ará ìlú kan sá sínú ilé ìwé kan lórí òkè, àwọn òkú sì yí wọn ká. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà: "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn! Ẹ fi tábìlì dí i!" Gbogbo ilé bá gbè é, ní èdè oríṣiríṣi, bí ẹni pé àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n lè gbọ́.

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi í bóyá àwọn òkú náà bà á lẹ́rù.

"N kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wo àwọn òkú," ó ní. "Àwọn tó wà nínú ilé yẹn ni mo ń wò. O rí obìnrin tó fún ọmọ ọlọ́mọ ní omi tó kù? Gbogbo ayé ti bàjẹ́, ó ṣì ń pín omi." Ó mi orí, ẹnu yà á. Ní Sátidé kejì, ó ti múra kí èmi àti Múfú tó ti ilé kéwú dé.

Mo ti di abiyamọ báyìí, mo ń ránṣọ ní Lapaz, àdúgbò mìíràn ní Accra. Ìyá Àgbà ti lọ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ibi tí ilé Bra Kofi wà, wọ́n ń tún fóònù ṣe níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń wo fíìmù sọ́ńbì, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn òkú tó ń rìn báyìí, lórí fóònù tirẹ̀, ó ti nǹkan bọ etí, òun nìkan ló ń ta gìrì lórí ibùsùn. Ó mọ èyí tó ń sáré àti èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó sì ń bá àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí kò dé rí jiyàn lé e lórí. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tó dẹ́rù ba àwa tún lè dẹ́rù bà wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rí ohun gbogbo. Tiwa yàtọ̀ ní ti pé a kò lè dá nìkan bẹ̀rù. Kò sí àyè. Bẹ́ǹṣì kò tó.

Ní oṣù tó kọjá, iná lọ ní ọ̀sán gangan. Kọ̀ǹpútà ọmọ mi nìkan ló ní bátìrì ní gbogbo ilé wa, àwọn ọmọ aládùúgbò bá ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti fi í wo fíìmù sọ́ńbì. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n jókòó lórí aṣọ oníbàárà. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹ̀gbẹ́, mo bá wọn jókòó. Nígbà tí àwọn òkú bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin kékeré kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ gán ọwọ́ mi mú láìwo ojú mi. Iná dé, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sí ẹni tó dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú tèmi.