Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Wọ́n Pè Ní Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Ọdún méjìlá ni ọkùnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìṣirò kí wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Ẹni tó ni ín ta ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n wó kíláàsì, pákó àti irin ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni lọ́dún náà. Ó wá iṣẹ́ tíṣà títí tí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ fi lu. Níbi gbogbo tó dé ni wọ́n ti ní àwọn máa pè é, kò sì sẹ́ni tó pè é. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló wá ń gbọ́ bùkátà ilé. Kò fìgbà kankan sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dun ọkùnrin náà jù.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá awakọ̀ tírélà. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ní owó máa wọlé láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àti pé ẹni tó bá wakọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá máa fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi nílé. Ọkùnrin náà ti fi bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ gbé ọmọ rí. Ó ní kóun lọ wò ó.

Obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Akọ̀wé ló gbà á. Obìnrin yìí ló ń gbani síṣẹ́, òun ló ń pín ẹrù, òun náà ló ń sanwó. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í bínú, ó sì máa ń béèrè àlàáfíà ilé èèyàn kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó kó ìwé àdéhùn olójú ewé méje síwájú àwọn mẹ́fà tó wá lọ́jọ́ náà. Àwọn márùn-ún fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Ẹnì kẹfà fa àga, ó jókòó, ó kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Tíṣà.

Ní ojú ewé karùn-ún, Tíṣà rí i pé iye kìlómítà tí èèyàn bá rìn ni wọ́n máa san owó rẹ̀, kì í ṣe iye ọjọ́ tó lò. Ní ojú ewé kẹfà, ó rí i pé ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún kan tó pé máa san owó ẹ̀kọ́ padà, iye náà sì ju owó oṣù mẹ́jọ tó máa ń gbà ní ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó béèrè nípa rẹ̀. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní látọdún tó kọjá, Tíṣà ni ẹni àkọ́kọ́ tó ka ibẹ̀. Tíṣà ronú kan ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ lórí máṣíìnì, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Dákẹ́. Àgbà awakọ̀ ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ó sì lè jókòó ti èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́ láìsọ gbólóhùn mẹ́wàá. Ìka ló fi ń kọ́ni: tó bá kan iwájú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ kéèyàn rọra, tó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kéèyàn dúró. Ní àràárọ̀, ó máa ń yí ọkọ̀ ká, á tẹ táyà wò, á gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dún nínú bíréèkì. Tó bá yí i ká tán, á dúró díẹ̀, á wá tún yí i ká lẹ́ẹ̀kejì bíi pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Tíṣà ṣì ń ṣi ọwọ́ yí tó bá ń fẹ̀yìn rìn. Ó ti wó òpó kan lẹ́yìn ọgbà ilé-iṣẹ́ náà. Kò tíì gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ lórí òkè rí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Akọ̀wé mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ní simẹ́ńtì wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbé e. Ọ̀gá Dákẹ́ wolẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ tí Akọ̀wé nà sí i, ó kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló fa Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú gbogbo èyí tó ti sọ fún un.

“Tó o bá ń wakọ̀ tó ò rántí abúlé tó o kọjá gbẹ̀yìn, ojú rẹ kàn là lásán ni, o ti sùn. Níbi tó o bá wà, dúró. Má pe ọ́fíìsì kó o tó dúró.”

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fún Tíṣà, ó bá sálúbàtà ọkùnrin kan lábẹ́ ìjókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré sí tiẹ̀. Ó bi mẹkáníìkì pé ta ló ni ín. Mẹkáníìkì ò gbójú sókè, ó ní kó jù ú nù.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojú ọ̀nà kọ́ ló nira jù fún Tíṣà, dídúró ni. Á gbé ẹrù dé ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n á ní kó tò sẹ́yìn. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, á wà lórí ìlà, táyà rẹ̀ ò yí, owó ò sì wọlé. Orí ìjókòó ló ń sùn, inú ike ló ti ń fọ aṣọ. Tí wọ́n bá wá já ẹrù rẹ̀ tán, Akọ̀wé á pè, á béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, á ní ẹrù kan tún ń dúró dè é níbòmíì, ó sì ti pẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá dọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọjọ́ mọ́kànlélógún dọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ náà wò ó, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà,” ó wá lọ pe ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń peni tí àlejò bá dé. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gbé e mọ́ra, àmọ́ ara ọmọ náà le lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé ó ń tẹ bíréèkì lójú oorun, pé ó fi ẹsẹ̀ ti igi bẹ́ẹ̀dì títí ó fi yẹ̀. Ó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tíṣà rán an létí ojú ewé kẹfà. Obìnrin náà fi abẹ́rẹ́ há ẹnu, ó padà sídìí aṣọ tó ń rán.

Ní oṣù kẹrin, Tíṣà wọ ọgbà, ó rí ọkọ̀ Ọ̀gá Dákẹ́ lẹ́yìn pátápátá, wọ́n fi tàpólì bò ó lórí. Akọ̀wé ní Ọ̀gá ti lọ sinmi díẹ̀. Nígbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí, Tíṣà gbé etí tàpólì náà sókè. Apá ọ̀tún iwájú ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Kò sí apá òsì.

Ó lọ wo Ọ̀gá Dákẹ́ nílé. Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kékeré kan, aṣọ bò ó láti ìbàdí lọ sílẹ̀, ó sì hàn kedere lábẹ́ aṣọ náà pé ẹsẹ̀ kan ló kù. Ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tó ti wà lójú ọ̀nà ni ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀. Bàbá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Mo mọ̀ pé mo ti ń sùn. Mo fẹ́ dúró. Fóònù ló dún.”

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Akọ̀wé pe Tíṣà sí ọ́fíìsì, ó gbé àga fún un. Ó ní àwọn nílò ẹni tó máa kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun, ta ni ì bá sì yẹ bíi tíṣà gidi. Ó máa gba owó lójoojúmọ́, táyà yí o, táyà ò yí o. Ó máa sùn sílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Tíṣà ní oṣù mẹ́rin péré lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ lò lórí iṣẹ́. Akọ̀wé ní ìyẹn ti pọ̀. Fóònù orí tábìlì rẹ̀ dún bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ni, Tíṣà sì rí i tí obìnrin náà dìde dúró kó tó gbé e. Òun náà kì í tètè sùn, ìyẹn hàn lójú rẹ̀. Tíṣà gbà.

Ilé tún dùn. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń kọrin nídìí máṣíìnì. Ọkùnrin méjì ló kọ́kọ́ kọ́, ọjọ́ mọ́kànlá mọ́kànlá, ó sì kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sínú ìwé wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú tiẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá ò kúkú pa òun.

Ẹnì kẹta ni Oníbúrẹ́dì. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ìyá ọmọ méjì, ó ti ń ṣe búrẹ́dì tà kí owó ìyẹ̀fun tó lé e kúrò nídìí ẹ̀. Apá rẹ̀ lágbára, etí rẹ̀ sì já fáfá; ó yára mọ ìró ọkọ̀ ju Tíṣà fúnra rẹ̀ lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nìkan ni kò tíì mọ̀ ọ́n sọ̀ dáadáa. Tí ọkọ̀ bá ti dorí kodò, á fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì, kò ní yọ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Tíṣà ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yanjú. Lọ́jọ́ kọkànlá, Akọ̀wé mú ìwé wá, ó ní bí Tíṣà ò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kò sí ìjà, kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tiẹ̀, òun máa wá ẹlòmíì tó máa kọ́ wọn. Jímọ̀ ni lọ́jọ́ náà, ọmọ Tíṣà sì ti ní kó tètè délé, pé wọ́n fún àwọn ní ìṣirò ìpín. Ó fọwọ́ sí i.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó ti ìwé, ni fóònù dún.

“Tíṣà, bíréèkì ń rùn,” Oníbúrẹ́dì ló ń sọ̀rọ̀. “Òkè ni mo wà. Mo ń tẹ̀ ẹ́, kò mú dáadáa mọ́.”

Tíṣà dìde. Kò mọ̀ pé òun ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹní ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Tẹ sípíkà fóònù, gbé e sílẹ̀, kó o máa gbọ́ mi. Kí ló wà lápá ọ̀tún rẹ?”

“Gọ́tà. Ògiri òkúta ló wà lẹ́yìn rẹ̀.”

“Ṣé ọkọ̀ ti ń sáré jù?”

“Kò tíì sáré jù.”

“Ki táyà ọ̀tún bọ gọ́tà. Báyìí. Jẹ́ kí ara ọkọ̀ máa ha ògiri. Má bẹ̀rù pé ó máa bàjẹ́.”

Ó gbọ́ irin tó ń ha òkúta. Ó gbọ́ nǹkan tó fọ́. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọmọ rẹ̀ bi í pé mélòó ni méje wà nínú mẹ́tàdínláàádọ́ta, àti pé mélòó ló ṣẹ́ kù. Ó tẹ fóònù mọ́ etí. Ìyàwó rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Nígbà tó pẹ́ gan-an, Oníbúrẹ́dì mí sínú fóònù, ó ní ọkọ̀ ti dúró.

Lọ́jọ́ tí Oníbúrẹ́dì padà dé ọgbà, ó fi báńdéèjì di iwájú orí rẹ̀. Tíṣà lọ bá a. Obìnrin náà ò pariwo.

“Ẹ mọ̀ pé mi ò tíì mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu yín.”

Tíṣà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọ ọ́fíìsì, ó béèrè fún ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fagi lé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kọ ọjọ́ mọ́kànlá sí i, ó tún fọwọ́ sí i. Akọ̀wé wò ó títí tó fi kọ ọ́ tán. Kò bínú. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó kó ìwé náà sí i, ó tì í pa, ó sì na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kan sí i.

Oṣù méje tó kù, orí títì ni Tíṣà ti lò wọ́n. Ìgbà márùn-ún ló délé. Ọjọ́ tí ọdún kan pé gẹ́lẹ́ ló fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀. Ó ti ríṣẹ́ báyìí ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Owó ibẹ̀ ò tó ti ìṣáájú, àmọ́ ó ń délé lójoojúmọ́.

Oníbúrẹ́dì ò rọ́nà lọ, torí ọdún tiẹ̀ ò tíì pé. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní òkè sísọ̀, ó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tó gbọ́ ibi tí Tíṣà wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó bá ń kọjá, ní Túsìdé àti ní Jímọ̀, àwọn ọmọ á sì pariwo nínú kíláàsì. Tíṣà kà á sí ìdáríjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti tó ọjọ́ mọ́kàndínlógún báyìí tí fèrè náà ò ti dún. Fóònù Oníbúrẹ́dì ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Tíṣà pe Akọ̀wé. Akọ̀wé béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, ó béèrè ọmọ, ó ní ẹrù ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fún Oníbúrẹ́dì, ó sì ní ẹnì kan ń dúró de òun.

Láàárọ̀ Sátidé, Tíṣà wọ bàtà, ó ní òun ń lọ wo ẹ̀yìn ọgbà ilé-iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ò bi í pé kí ló fẹ́ wò níbẹ̀. Ó ká aṣọ tó ń rán, ó fi bo máṣíìnì, ó ní kó dúró kóun mú ìborùn òun, kí àwọn jọ lọ.