Ọwọ́ Tí Ó Ń Fún Wàrà

Àwọn oníbàárà ń pe obìnrin onígbàjámọ̀ náà ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí pé ọmọdé tí ó ń ké lábẹ́ àlùmọ́gàjí ẹlòmíràn a máa sùn lábẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á lọ sí ibi àga onírin tí ó wà lẹ́bàá dígí. Àga bàbá rẹ̀ ni.

Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, òun ni ó máa ń na òòyà sí bàbá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ó sì ń wù ú kí òun náà di àlùmọ́gàjí mú lọ́jọ́ kan. Lọ́dún kan, ọ̀nà ọ̀fun dùn ún, ó sì san. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òòyà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ ń jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta, ahọ́n rẹ̀ sì ń yọ síta láìrò tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ọmọ yín tún yọ ahọ́n sí mi," ni oníbàárà kan wí. "Àbí irun tí ẹ gẹ̀ fún mi ló burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Ìwọ, kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n."

Ó kúnlẹ̀. Ahọ́n tún yọ.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní kí ó di ìka òun mú. Ọwọ́ náà ń le, ó ń dẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tí ó ń fún wàrà màlúù.

"Kì í ṣe àfojúdi," ni dókítà wí. "Ọ̀fun tó dùn ún lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn ló bí ibà tó ń bá oríkèé àti ọkàn jà. Òun náà ló dé ọpọlọ rẹ̀."

Ó fún wọn ní oògùn olómi tí yóò mú kí ara ọmọ náà rọlẹ̀, ó sì ní kí ó máa gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ibà náà má baà padà wá ba ọkàn rẹ̀ jẹ́.

"Ṣé á lè di àlùmọ́gàjí mú?" ni bàbá bèèrè.

"Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bàbá."

Oògùn náà mú oorun wá. Orí àga onírin ni ọmọ náà ń sùn sí, bàbá a sì gẹ irun àwọn oníbàárà lórí àpótí. Nígbà tí oorun náà pọ̀ jù, dókítà dín oògùn kù. Ní àràárọ̀, bàbá á na ìka sí i.

"Mú ọwọ́ wá. Ṣé wàrà wà lónìí?"

"Ó ṣì kù díẹ̀, bàbá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó di ìka náà mú, kò sì dẹ̀. Bàbá dúró, ó dúró, ọwọ́ náà kò yẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga onírin, ó fi àlùmọ́gàjí lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

"Bàbá, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ṣebí irùngbọ̀n ni. Á hù."

Ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe gbé e kiri, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun tún un ṣe. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ọmọ náà fo abẹ́rẹ́ kankan títí dókítà fi ní ó tó.

Bàbá ti lọ sọ́run báyìí. Bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bá ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á kọ́kọ́ di apá àga onírin náà mú ṣinṣin.

"Kò sí wàrà lónìí, bàbá," ni yóò wí, yóò sì mú òòyà.