Bàbá Àìtú Rán Ara Rẹ̀ Mọ́nú Àgọ́

Ẹni tó bá mọ Bàbá Àìtú dáadáa, ìtàn àgọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Télọ̀ ni bàbá náà, iṣẹ́ ọ̀hún ló sì ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó sọ ọ́ di Àìtú ni pé kì í tú aṣọ tó bá ti rán. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá há oníbàárà lọ́rùn, Bàbá á ní ọrùn ọ̀gbẹ́ni náà ló sanra lẹ́yìn tí òun wọ̀n ọ́n tán.

Bó ṣe kógbá iṣẹ́ wọlé, ó ní òun àti ìyàwó òun yóò wa mọ́tò rìnrìn àjò gígùn, àwọn yóò máa pàgọ́ sùn lójú ọ̀nà títí àwọn yóò fi dé etí òkun. Wọ́n ní kó lọ ra àgọ́. Ó ní ta ló rí ẹja tó ń ra omi?

Ó ra kánfáàsì, ó gbé máṣíìnì sí àárín pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àgọ́, tòun ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ku ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní inú ni òun yóò ti fi ọwọ́ rán ìyẹn, kí ojú rírán má baà hàn síta. Ó wọnú àgọ́, ó jókòó, ó ń rán an, ó ń súfèé. Ó ta òwú ní kókó, ó fi eyín já a. Ìgbà tó fẹ́ jáde ló tó rí i pé òun kò fi ẹnu ọ̀nà sí i.

Ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, wà ní ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń pe òun jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Ó dé pálọ̀, ó rí àgọ́ tó ń mì. Sísọ́ọ̀sì ló mú. Bàbá gbọ́ dídún rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ já òwú kí ẹ lè jáde ni."

"Mi ò tú iṣẹ́ mi rí."

"Ṣé ibẹ̀ lẹ máa wá gbé?"

Bàbá rò ó wò. Ó wá béèrè bóyá ọ̀nà wà tí ife tíì lè gbà wọlé.

Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ ọn, pàbó. Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, Bàbá ní gígé kì í kúkú ṣe títú. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń júwe ibi tí ìyàwó yóò gbé sísọ́ọ̀sì gbà, ó sì ń bá a wí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó fi síìpù sí ojú ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní bí òun ṣe gbèrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní nínú gbogbo ọmọ tí òun gbẹ̀bí wọn, kò sí èyí tó bá òun jiyàn kó tó jáde.

Àgọ́ wà nílẹ̀, ó ku ẹni tí yóò bá a sùn nínú rẹ̀. Agbẹ̀bí ní àìsùn ni òun fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ òun ṣe, bẹ́ẹ̀dì òun ni owó ìfẹ̀yìntì òun. Bàbá bá pàgọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun ń fi dánra wò. Ní àárọ̀, mẹkáníìkì tó ń gbé ilé kejì rí i tó ń rá jáde tòun ti ìrọ̀rí, ó gbà pé ìyàwó ti lé e síta. Ó wọlé tọ agbẹ̀bí lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ohun yòówù tí Bàbá bá ṣe, kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, àgbà ni. Bàbá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kodò bí ẹni tó jẹ̀bi. Kò ṣàlàyé nǹkan kan títí tí wọ́n fi dín ẹyin fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì pé ó bá àwọn parí ìjà.

Ohun tó yí agbẹ̀bí lọ́kàn padà kò ní ariwo nínú. Ó lọ gbá ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ti ṣófo, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ògiri ló rí. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, kò sí àwòrán, ògiri lásán ni ọkọ rẹ̀ ti kọjú sí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ó gbá ilẹ̀ tán, ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di báàgì rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Bàbá tún gbé máṣíìnì wá sí búùtù mọ́tò. Ìyàwó ní kó mú ọ̀kan, máṣíìnì tàbí òun. Bàbá wo máṣíìnì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo máṣíìnì. Nígbà tó rí i pé ìyàwó ń wọlé padà lọ, ó ní ṣebí òun kàn ń fojú wọn búùtù ni.

Etí odò kan ni wọ́n kọ́kọ́ pàgọ́ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí jáde, ó bá ọkọ rẹ̀ tó dúró lójú kan, tó ń wo òdìkejì omi.

"Ìyá wọn," ó ní, "wo bí ó ṣe fẹ̀ tó. Kò sí ibi téèyàn máa gbé téèpù lé."

Ìyàwó ń retí ẹ̀fẹ̀ tí yóò tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀fẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń wò ó.

Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, títí ẹsẹ̀ Bàbá fi kọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, ní ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀. Níbi ìsìnkú, mẹkáníìkì sọ ìtàn àgọ́, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń fọwọ́ gbá ikùn mú, agbẹ̀bí pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ọmọ rẹ̀ obìnrin béèrè bóyá ìrìn àjò wọ̀nyẹn tiẹ̀ tù ú lára lóòótọ́.

"Ẹ̀yìn dùn mí gan-an, ọmọ mi," agbẹ̀bí ní. "À bá ti tètè bẹ̀rẹ̀."