Fíìmù Odi Mẹ́rin tàbí Elóhùn Kan

Fíìmù náà ti ń rùn bí ọtí kíkan. Nígbà tí mo ṣí agolo pẹlẹbẹ tí a tọ́jú rẹ̀ sí lóṣù tó kọjá, òórùn náà gbá mi nímú débi pé mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, ìyá mi kò sì sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ayé tí ohùn ìyá mi ṣì wà.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni mò ń sọ, nígbà tí Adó-Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn. Àdúgbò Òkè-Ìlá ni ilé wa. Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn ìyá mi kí wọ́n tó bí mi, ó sì ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í rí i mọ́. Lọ́dún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́nà ọ̀fun. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé e, ó sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo bi í bí mo ṣe máa ń bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì dá mi lóhùn láìfi nǹkan kan bò: “Iṣan ohùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a máa gé. Ohùn wọn lè padà bó ṣe wà. Ó sì lè má padà.”

Ìyá mi ni ó máa ń dá orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá pe ọ̀kan nínú wa láti ẹ̀yìnkùlé, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi lójú títì náà á dáhùn. Mo jókòó sínú ọgbà ilé ìwòsàn náà, mo sì ń gbìyànjú láti ro ilé wa láìsí ohùn yẹn nínú rẹ̀. Mi ò rí i rò.

Onífọ́tò kan wà ládùúgbò wa tó ti ya gbogbo ìgbéyàwó àti ìsàmì tí mo mọ̀. Ẹbí rẹ̀ kan ti kó kámẹ́rà méjì tó ń ya àwòrán tó ń rìn dé fún un láti òkè òkun. Ó to wọ́n síwájú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí tábìlì ìsọ̀ rẹ̀. Ìkan ń ríran, kò gbọ́ràn, páálí fíìmù mẹ́rin ló kù fún un. Ìkejì ń ríran, ó ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n páálí kan péré ló ní, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ìyókù rẹ̀, àfi kí ó ránṣẹ́ lọ sí òkè òkun, kò sì lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ yóò lọ sí ìgbéyàwó kan nílùú Ìyìn lọ́jọ́ Sátidé, nítorí náà a ní láti mú ọ̀kan. “Odi mẹ́rin, elóhùn kan,” ló wí. “Bí ẹ bá mú elóhùn, ẹ má jẹ́ ká ṣì í ṣe o.”

Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ni, odi ló fẹ́. Ó ní páálí mẹ́rin yóò gba ìyá wa nídìí odó, lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti ń di irun àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ní fọ́tò wọn pọ̀ lára ògiri, ohùn ni kò sí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn tó kọ oògùn. “Bí aláìsàn bá kú,” ló wí, “fọ́tò ni ẹbí máa ń wá. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí léèrè ohùn rí.”

Ọ̀nà kẹta wà. Olùkọ́ kan ní ẹ̀rọ tuntun kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì fẹ̀ǹfẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n lójú ẹsẹ̀ láìlọ síbì kan fún fífọ̀. Èmi fẹ́ràn èyí. Ṣùgbọ́n èèyàn lè pa kásẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ kí ó sì gba nǹkan mìíràn lé e, ẹ̀gbọ́n mi sì bi mí bóyá mo ti gbàgbé irú àbúrò tí a ní. Ó ní kò ní pé oṣù méjì tí bọ́ọ̀lù yóò fi gbapò ìyá wa.

Ẹ ó ní ṣé a kò lè gba ohùn náà sórí kásẹ́ẹ̀tì rédíò, kí a sì lo fíìmù odi fún ojú. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wálé, mo gba ohùn ìyá mi, mo sì jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó tẹ́tí títí, ó ní, “Èmi kọ́. Obìnrin kan ló wà nínú ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀.” Ó ní kí n pa á rẹ́, mo sì pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá ń jiyàn nínú ilé, òun ló parí rẹ̀, láìgbé ojú kúrò lára ẹ̀fọ́ tó ń já. “Ẹ jẹ́ kí ẹnu mi àti ohùn mi wà lójú kan. Bí ẹ bá yà wọ́n, àwọn ọmọ yín á ní ta rèé.”

Bí a ṣe mú elóhùn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wa jà. Ó kàn ní òun ní iṣẹ́ alẹ́, òun kò ní lè wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, ó fi ìborùn wínníwínní bo gẹ̀gẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà rántí bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò nígbà yẹn: ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì kó hàn, kí èèyàn má rẹ́rìn-ín. Onífọ́tò wa ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó ní kí Màmá gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ayé: “Ẹ má mira o.” Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi kò mira. Fíìmù ń sáré, adìẹ ń ké, ẹnì kan ń gún nǹkan ní ilé kejì, ìyá mi sì jókòó bí ère. Ẹ ó gbọ́ ohùn mi lórí rẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló yí sí mi, pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní, “Ó ní kí n má mira. Ṣé ẹnu kì í mira ni?” Ìlàjì fíìmù ti lọ. Mo ń wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tó ń tán lọ lójú mi.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, nínú aṣọ funfun àti fìlà nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ti wú fún àìsùn. Kò wo kámẹ́rà. Ó rí ìyá rẹ̀ tó jókòó, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ láti kékeré. “Ẹ káàárọ̀, ìyá mi.”

Kò sí bí ìyá mi ṣe lè dákẹ́ sí ìyẹn. “Àbẹ̀kẹ́,” ló wí, ohùn náà sì jáde ní kíkún, pẹ̀lú Èkìtì rẹ̀ lẹ́nu, bó ṣe máa ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀kan ṣoṣo. O jí ire? Ulé ìwòsàn ńkọ́? Àwọn tó ń jẹ̀rora, ṣé wọ́n rí oorun sùn?” Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n sùn, àfi obìnrin kan. Ìyá mi gbàdúrà fún obìnrin tí kò mọ̀ rí náà, ó bèèrè orúkọ rẹ̀, ó tún gbàdúrà. Ó ní usu wà lórí uná. Ó ní, “Dìde, ilẹ̀ tutù.” Ibẹ̀ ni fíìmù tán.

Inú bí onífọ́tò. Ó ní nọ́ọ̀sì ti ba iṣẹ́ òun jẹ́, ẹ̀yìn fìlà rẹ̀ ló gba ìdajì àwòrán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá mi hàn lókè fìlà náà.

Iṣẹ́ abẹ yẹn gba ẹ̀mí ìyá mi là. Ohùn rẹ̀ kò padà. Ohun tó kù kò ju bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ ra ewé gbígbẹ. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni fíìmù dé láti ibi tí wọ́n ti lọ fọ̀ ọ́, onífọ́tò sì ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó fi ẹní dí fèrèsé. Ìyá mi jókòó láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí “Àbẹ̀kẹ́” dún, ó gbé ọwọ́ lé ojú àpá ọrùn rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí tí ó fi parí. Mo rò pé yóò tún ní obìnrin inú ìkòkò ni. Ó tẹ̀ sí etí mi. “Èmi rèé,” ló wí pẹ̀lú ewé gbígbẹ yẹn. “Wo ẹnu mi.”

Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò mọ ohùn mìíràn fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wo fíìmù náà, èyí àbúrò bèèrè pé ohùn ta nìyẹn, èyí ẹ̀gbọ́n sì na ìka sí ẹnu ìyá àgbà lára ògiri tí fíìmù ń hàn sí.

Ó pẹ́ tí mo fi ń yangàn pé èmi ni mo mọ èyí tó yẹ ká yàn. N kò yangàn mọ́. Adìẹ nìkan ni elóhùn tí a yàn ìbá gbà, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ odi, tó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àárẹ̀, tí kò lè kọjá lára ìyá rẹ̀ láìkúnlẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a gbé agolo náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan nílé ìpamọ́ fíìmù ní Ìbàdàn. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wọ̀n ọ́n, ó ní fíìmù náà ti ń súnkì. Ẹ̀rọ tó ń da àwòrán kọ yàtọ̀ sí èyí tó ń da ohùn kọ, ó sì ṣeé ṣe kí fíìmù náà já lẹ́yìn tó bá ti gba inú ẹ̀rọ kan kọjá. Ó bèèrè èyí tí a fẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí.

“Ohùn,” ló wí. “Fọ́tò wọn pọ̀ lára ògiri.”

Ọ̀gá náà ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, làwọn máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ àwọn lè sáré jù, ó sì lè falẹ̀ jù, òun fúnra òun kò sì ní mọ ìgbà tí ohùn náà bá dọ́gba. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ jókòó ti òun, kí ó sọ fún òun ibi tó yẹ kó dúró.

Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí ó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.